Bí Mo Ṣe Gbé Oyún Lọ Tọ́ Wisikí Wò

Kí N Tó Lọ

Nígbà tí mo ti ìlú òyìnbó dé, òjò dídì ni gbogbo àdúgbò wa ní Ẹgbẹ́dá ń bi mí léèrè. N kò rí òjò dídì kankan. Ìgbà ooru wọn ni mo débẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àwọn ará Sikọ́tílándì ń pè ní ooru, súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀ sí i. Wọ́n tún bi mí bóyá òyìnbó ń jẹ ata, bóyá lóòótọ́ ni wọn kì í kí ara wọn láàárọ̀. Mo dá olúkúlùkù lóhùn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí, nítorí kò sí ẹni tó mọ̀ láti bi mí, ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí. Ẹ̀rù ń bà mí láti ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ òfurufú títí di ọjọ́ tí mo padà wọlé, kì í sì í ṣe ọkọ̀ òfurufú ló ń bà mí lẹ́rù.

Iṣẹ́ imú ni mo ń ṣe. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ra ọtí líle ní àgbá-àgbá, tó sì ń rọ ọ́ sínú ìgò, ló gbà mí sí láàbù wọn láti máa fọ ife àti ìgò àyẹ̀wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé mo máa ń gbóòórùn ọtí tó ní àbùkù kí ẹ̀rọ wọn tó sọ ọ́. Kò ya ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti máa ń sọ pé ògì ti fẹ́ kan jù kí ẹnikẹ́ni tó tọ́ ọ wò, wọ́n á sì ní kí n gbẹ́nu dákẹ́. Èmi fúnra mi kì í mutí. Àmọ́ nínú ilé-iṣẹ́ náà, tí imú mi bá ti kọ àgbá kan, àgbá náà kò ní wọlé.

Ìgbà tí ètò ọrọ̀-ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP mú gbogbo nǹkan le ni ọ̀gá wa àgbà sọ pé ibì kan ṣoṣo ni a ó ti máa ra ọtí: yálà wisikí ti Sikọ́tílándì, tàbí èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní bọ́bọ̀nù. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ tọ́ méjèèjì wò níbi tí wọ́n ti ń ṣe é, kí ó kọ ìwé wá. Ó yan Ọ̀gá Ṣówándé, olórí láàbù wa, ọmọ Abẹ́òkúta kan tí kì í fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìfi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yan èmi náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ọ̀sẹ̀ kan kí a tó gbéra ni mo mọ̀ pé oṣù kejì ti kọjá tí n kò rí nǹkan oṣù mi.

Mo ní láti ṣàlàyé. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti wà nílé ọkọ nígbà náà. Nínú ilé tí a háyà yàrá méjì àti pálọ̀ sí, gbogbo obìnrin yòókù ti di ìyá ẹnìkan, èmi nìkan ni wọ́n ṣì ń pè ní Àńtí Ṣadé. Oyún méjì ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lára, méjèèjì nínú oṣù kẹta. Ti àkọ́kọ́, ọkọ mi sọ fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sọ fún ẹgbẹ́ aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì, kí n tó mọ̀, gbogbo èèyàn ló ń kí mi kú ewu tí n kò tíì là. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sùn ní ọsibítù, tí mò ń gbóòórùn Ísààlì tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pẹ̀lú àwọn àgbà pé inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Mo pinnu pé bí òmíràn bá wá, n kò ní sọ fún ẹ̀dá kankan, títí kan Tíṣà, ọkọ mi, tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ìkòtún.

Ẹ ó wá ní kí ló dé tí n kò fi jókòó sílé. Tí mo bá ní n kò lọ, wọ́n á bi mí ní ìdí rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo ni mo ní, òun gan-an ni n kò sì lè sọ. Mo sì tún ń rò ó lọ́kàn pé bí èyí náà bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí mo ti kọ ìrìn-àjò yìí ńkọ́? Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ìwà òmùgọ̀ ni mo hù, n kò bá a jiyàn. Mo di àpótí mi, Tíṣà gbé e jáde fún mi títí dé ìdí mọ́tò, mo sì lọ.

Níbi tí Gbogbo Èèyàn Ti Ń Tutọ́

Abúlé kan létí òkun ni wọ́n mú wa lọ ní Sikọ́tílándì. Ilé funfun díẹ̀, àgùntàn púpọ̀, àti atẹ́gùn tó ń fẹ́ bíi pé ó bá wa jà. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ láti inú ọ̀fun, ó tó ọjọ́ méjì kí ó tó dá mi lójú pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó bá ń wa mọ́tò kọjá á gbé ìka kan ṣoṣo sókè lórí sítíárì, ó ti kí ọ nìyẹn. Wọn kì í bi ni ní ìbéèrè. Kò sí ẹni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí, kò sí ẹni tó bi mí pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo ti rò pé ibi tí wọn kì í ti í béèrè ọ̀rọ̀ á rí bí ibi tí wọn kò ti fẹ́ràn èèyàn. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó tù mí lára.

Láàárọ̀, wọ́n máa ń se ọkà kan tó dà bí ògì tó ní èérí, iyọ̀ ni wọ́n ń bù sí i. Ọ̀gá Ṣówándé ní ẹlẹ́wọ̀n ló yẹ kó máa jẹ ẹ́. Èmi lá àwo mi mọ́.

Bàbá Dọ́nàl ni wọ́n fà wá lé lọ́wọ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ti fi ogójì ọdún nínú rẹ̀ gbóòórùn wisikí. Ó to ife méjìlá síwájú wa, ó fi dígí pẹlẹbẹ bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a má ṣe sáré. Ká kọ́kọ́ ti imú bọ̀ ọ́, ká la ẹnu díẹ̀, ká kán omi sí i, ká tún gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ká tó fi sẹ́nu, ká jẹ́ kó yí ahọ́n ká. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo ti ń ro ohun tí n óò ṣe tó bá kan kí n gbé e mì. Bàbá Dọ́nàl yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tu ti ẹnu rẹ̀ pẹ́ẹ́ sínú garawa kan tí wọ́n da lẹ́búlẹ́bú igi sí.

"Tu ú dànù," ó ní. "Ẹni tó bá ń gbé e mì níbí, kò ní mọ ife kẹta yàtọ̀ sí ìkẹrin."

N kò mọ̀ bóyá ó rí bí ojú mi ṣe dán. Ẹ̀yin obìnrin tó ń kà á mọ ohun tí mò ń sọ. Itọ́ ti kún mi lẹ́nu láti ọjọ́ mélòó kan, irú itọ́ oyún yẹn tí èèyàn kò lè gbé mì. Ní Ẹgbẹ́dá, tí obìnrin bá tutọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀, ìyàwó onílé á ti máa wo ìdí rẹ̀. Wàyí o, mo wà níbi kan ṣoṣo láyé tí wọ́n ti ní kí n máa tutọ́, tí àwọn àgbà ọkùnrin tó wọ táì sì ń tutọ́ pẹ̀lú mi. Mo tu itọ́ tèmi, mo sì tu ọtí tiwọn. Ọ̀gá Ṣówándé ní, "Ṣadé, o mà mọ̀ ọ́n tu o! Àbí o ti ń ṣe é nílé ni?" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì yára gbé ife tó kàn.

Wisikí wọn kò jọra rárá. Àwọn kan rí wẹ́rẹ́, wọ́n ń rùn bí oyin àti koríko gbígbẹ. Àwọn kan ń ta ni ní imú bí èso tó ti pọ́n jù. Ó kan ife kẹjọ. Mo ṣí dígí orí rẹ̀, mo sì tẹ orí sílẹ̀. Ísààlì ni. Èéfín, òkun àti Ísààlì. Bàbá Dọ́nàl ń ṣàlàyé pé ilẹ̀ àbàtà tó ti gbẹ, tí ewé ti jẹrà sínú rẹ̀ láti ayébáyé, ni wọ́n ń gé bí bíríkì tí wọ́n fi ń dáná sábẹ́ ọkà báálì tí wọ́n fi ń ṣe ọtí náà, pé èéfín rẹ̀ ló ń dé inú ọtí. N kò gbọ́ ìdajì. Inú wọ́ọ̀dù ọsibítù ni mo wà. Mo ń rí bẹ́ẹ̀dì, mo ń rí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi funfun tí obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ń wọ́ kiri.

"Kí lo gbọ́ níbẹ̀?" Bàbá Dọ́nàl bi mí.

"Ọsibítù," mo ní.

Ó la ẹnu, ó yíjú sí Ọ̀gá Ṣówándé, ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n! Àwọn mìíràn á lo ọdún méjì kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀." Inú rẹ̀ dùn gan-an. Mo sáré jáde lọ dúró nínú atẹ́gùn.

Ààwẹ̀

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàbá Dọ́nàl pè wá wá jẹun ọ̀sán nílé. Ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mísìs Mọ́rá, ló ń gbé, òun náà ló ni ilé àlejò tí wọ́n fi wá wọ̀ sí. Mísìs Mọ́rá ti sè, ó ti yan, ẹran àgùntàn ń ta sánsán. Kí a tó jẹun, bàbá yìí lọ gbé ìgò kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ní ìwé lára. Ó ní òun fúnra òun ló yan àgbá rẹ̀ nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, òun kì í ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ó bù ú sí ife kékeré, ó sì na tèmi sí mi.

Ẹ wò ó, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé ni mo ṣe. Àgbà na nǹkan sí mi, mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mísìs Mọ́rá kígbe. Ó rò pé mo ṣubú ni. Ó ti dì mí lápá mú kí n tó lè ṣàlàyé, ìdajì ọtí ti dà sára súwẹ́tà mi, Ọ̀gá Ṣówándé ń fi náfíkìn bo ẹnu rín ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n ìdajì tó kù ṣì wà nínú ife, gbogbo wọn sì ń wò mí. Kò sí garawa nínú pálọ̀ èèyàn. Bí mo tilẹ̀ rí garawa, ojú wo ni n óò fi tu ohun tí àgbàlagbà tọ́jú láti ìgbà èwe rẹ̀ dànù níṣojú rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kán kan kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀fun mi. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ní Ẹgbẹ́dá tí a kò bá fẹ́ jẹ nǹkan nílé onílé.

"Ẹ má bínú, sà. Mò ń gbààwẹ̀."

Nílé, tí èèyàn bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní, "Há, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa," wọ́n á sì di oúnjẹ náà sí ọ̀rá fún ọ. Àwọn èèyàn yìí kò mọ eré. Mísìs Mọ́rá gbé àwo ẹran kúrò níwájú mi jẹ́jẹ́. Ó gbé ọ̀dùnkún lọ. Ó gbé ife omi pàápàá lọ, ó sì tọrọ àforíjì pé òun ti fi òórùn oúnjẹ dán mi wò. Ó bi mí ìgbà tí yóò parí. Nítorí pé n kò fẹ́ kí wọ́n tún fi ọtí lọ̀ mí, mo ní, "Ó di ọjọ́ tí a bá kúrò níbí."

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọn kò gbé ọkà oníyọ̀ yẹn wá fún mi mọ́. Wọ́n tẹ́ aṣọ mìíràn sórí tábìlì mi, Bíbélì ló wà lórí rẹ̀. Mo lọ ra bisikíìtì ní ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tó wà ní abúlé náà, mo bá Mísìs Mọ́rá níbẹ̀ tó ń bá oníṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀ nípa mi. Àwọn méjèèjì kí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń kí bíṣọ́ọ̀bù. Sítáǹbù lẹ́tà ni mo wá rà dípò rẹ̀. Gààrí díẹ̀ àti ẹ̀pà tí mo gbé láti ilé ni mo ń jẹ nínú ilé ìwẹ̀, tí mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn ẹnu mi. Ó tán lọ́jọ́ kejì. Èébì ń gbé mi láàárọ̀, ebi ń pa mí lọ́sàn-án, mo sì ń tọ́ wisikí wò láàárín méjèèjì. Èmi tí mo purọ́ nítorí oyún ni mo tún ń fi irọ́ náà febi pa á. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bí ó bá bàjẹ́ báyìí, èmi ni mo ṣe é, n kò ní rí ẹnikẹ́ni dá lẹ́bi.

Ọ̀gá Ṣówándé ń wò mí láti ọ̀kánkán. "Ààwẹ̀ tí kì í ṣe Lẹ́ńtì? Ṣé ipò mi lò ń gbàdúrà fún ni? Sọ fún mi, kí n tètè mọ̀ jàre." Mo ní ká fi Ọlọ́run sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, Mísìs Mọ́rá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé páálí kan lé mi lọ́wọ́. Búrẹ́dì wà nínú rẹ̀, ẹran wà níbẹ̀, kéèkì pẹ̀lú wà níbẹ̀. Ó ní, "N kò mọ ohun tí o ń tọrọ. Mo ṣá ti bá ọ tọrọ rẹ̀." Mo gbé ojú sá. Kí ọkọ̀ ojú irin tó kúrò ní ìdíkọ̀ ni mo ti jẹ gbogbo rẹ̀ tán, omijé àti kéèkì pa pọ̀.

Kẹ̀ńtọ́kì

Ooru Kẹ̀ńtọ́kì ní Amẹ́ríkà dà bí ti ilé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ara mi sì rọ̀ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Kò pẹ́. Ẹni tó wá fi mọ́tò gbé wa ní pápákọ̀ òfurufú kò tíì jáde ní géètì tó fi sọ fún wa pé ìyàwó òun ti kọ òun, pé orúnkún ń dun òun, pé kí ni mò ń jẹ́, ọmọ mélòó ni mo ní? Mo ní, "Wọ́n ń bọ̀." Ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Gbogbo ibẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dì mọ́ ọ kí o tó sọ orúkọ. Oúnjẹ wọn kì í tán: búrẹ́dì àgbàdo, ẹ̀wà, ilá tí wọ́n din, àti ògì funfun kan tó nípọn tí wọ́n ń fi bọ́tà sí. Tí mo bá fi ṣíbí sílẹ̀ díẹ̀, ẹnìkan á bi mí kí ló ṣe mí.

Àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe bọ́bọ̀nù jù. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí dígí orí ife, mo ti múra de èébì. Kò wá. Òórùn ṣúgà tó fẹ́ jóná ló kọ́kọ́ dé, ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ti pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, gẹ́gẹ́ bí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ẹ̀yìn ilé wa ṣe máa ń rùn lẹ́yìn òjò. Wọ́n ní àgbá tuntun ni wọ́n máa ń lò, wọ́n á fi iná jó inú rẹ̀ dúdú, wọn kì í sì í lò ó lẹ́ẹ̀kejì fún bọ́bọ̀nù. Àgbá tí wọ́n bá ti lò tán, àwọn ará Sikọ́tílándì ló ń rà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ìwọ̀nba òórùn pákó yìí pàdé lọ́dọ̀ Bàbá Dọ́nàl, tó rọra sá pamọ́ sẹ́yìn. Ooru ń mú ti Amẹ́ríkà tètè gbó, ó sì ń sọ gbogbo ohun tó mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Sikọ́tílándì gba sùúrù, díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde.

Mo fẹ́ràn bọ́bọ̀nù náà, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Ṣé imú mi ló ń dájọ́ ni, àbí ikùn mi? Ìwé tí n óò kọ yìí ni wọ́n á fi pinnu ibi tí wọ́n á ti máa ra ọtí.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ní kí n lọ wo ilé àgbá. Àjà méje ni, pákó ni gbogbo àtẹ̀gùn rẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Lùréétà, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn àgbá, ló mú mi gòkè. Ìyá àádọ́ta ọdún lé díẹ̀ ni, sísítà ló ń pè mí láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bí a ṣe ń gòkè ni ooru ń le sí i, tí òórùn ọtí tó ń gba ara àgbá jáde ń wọ̀ mí lágbárí. Ní àjà kẹrin, mo gbọ́ nǹkan lójijì lábẹ́ mi. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ni kí n tó wò ó. Oṣù kẹta ni.

Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn àgbá.

"Sísítà, kí ló dé?"

"Inú ń run mí."

Ó wo ibi tí ọwọ́ mi wà. "Oṣù mélòó?"

Mò ń rò ó pé tí n kò bá sọ ọ́, kò tíì ṣẹlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó di èjìká mi méjèèjì mú. "Gbọ́ mi. Mọ́tò mi wà nísàlẹ̀, dókítà kò jìnnà. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé àṣírí lọ bá dókítà. Sọ ohun tí n óò sọ fún un."

"Mo lóyún," mo ní.

Ẹ rò ó wò. Ìyá mi kò tíì gbọ́ ọ. Tíṣà kò gbọ́ ọ. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo sọ ọ́ fún láyé ni obìnrin tí n kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀, èdè òyìnbó ni mo sì fi sọ ọ́. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo ti ta nǹkan ilé wa. Lùréétà kò kí mi kú oríire. Ó gbé ọwọ́ mi lé èjìká rẹ̀, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, òun níwájú, kí n lè ṣubú lé e tí mo bá fẹ́ ṣubú.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ó fi nǹkan tútù kan pa mí ní ikùn, ó ń wo ẹ̀rọ bíi tẹlifíṣọ̀n. N kò lè wò ó. Lùréétà ló ní, "Sísítà, yíjú síbí." Nǹkan kékeré kan ń mì lójú ẹ̀rọ náà, ó ń mì, ó ń mì, kò dúró. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó sì lè má dá. Kí n dùbúlẹ̀. Kí n má gun àtẹ̀gùn kankan mọ́, kí n má fi ọtí sẹ́nu mọ́, kódà láti tu ú. Mo bi í bóyá èyí tí mo ti ń tu láti ọjọ́ yìí ló fà á. Ó ní òun kò rò bẹ́ẹ̀. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dá mi lóhùn bákan náà lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì gbà á gbọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ahọ́n Ọ̀gá Ṣówándé

Ọ̀gá Ṣówándé wá sí yàrá mi ní hòtẹ́ẹ̀lì ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n ní inú ń run ọ́. Mo ti sọ fún ọ, ààwẹ̀ yẹn! Oúnjẹ Amẹ́ríkà lórí ikùn òfìfo..."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Mo lóyún."

Ó ṣí fìlà lórí. Mo mọ Ọ̀gá Ṣówándé fún ọdún márùn-ún, n kò rí i kí ó wá ọ̀rọ̀ tì rí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnìkan ń gbọ́. "Láti Èkó?"

"Láti Èkó."

"Gbogbo ọtí yẹn? Gbogbo àtẹ̀gùn yẹn? Ṣadé, ó ṣe jẹ́... O kò lè sọ fún mi? Èmi tí mo bí márùn-ún?" Ó jókòó. "Rárá, má dá mi lóhùn. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí, ta ló máa sọ nǹkan fún un?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àwo ńlá kan wọlé. Ife mẹ́wàá ló wà lórí rẹ̀, márùn-ún láti Sikọ́tílándì tí a gbé dání, márùn-ún ti ibẹ̀, ó fi dígí bo gbogbo wọn, kò sì sọ èyí tí í ṣe èyí. Ó ní, "Ìwọ á gbóòórùn rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ. Èmi á tọ́ ọ wò, èmi á sì gbé e mì, nítorí ọ̀nà ọ̀fun ló mọ ìparí ọtí. Imú rẹ, ahọ́n mi. Ìwé kan." Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Tó bá di ife keje, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, á sì máa sọ fún wisikí pé kó má bínú. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí n kò rò pé mo lè rẹ́rìn-ín, mo sì ń di ikùn mi mú kí ẹ̀rín náà má mì í jù.

Ife tó ń rùn bí Ísààlì wà nínú wọn. Mo mọ̀ ọ́n kí ó tó ṣí i. Mo ní kó gbé e dúró díẹ̀. Mo di bẹ́ẹ̀dì mú, mo gbóòórùn rẹ̀ dé ìsàlẹ̀, mo wá rí ohun tí n kò jẹ́ kí ara mi rí nígbà àkọ́kọ́: iyọ̀, òroǹbó, àti adùn kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí tí ara mi kọ̀ ni wọ́n ṣe dára jù. Ọ̀gá Ṣówándé kọ tirẹ̀ sábẹ́ pé bọ́bọ̀nù ni àwọn ará Èkó yóò rà. A fi méjèèjì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá àgbà.

Ẹ̀jẹ̀ náà dá lọ́jọ́ kejì tí mo dùbúlẹ̀. N kò dúpẹ́. Mo ń bẹ̀rù pé tí mo bá dúpẹ́, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ilé

Àjò kì í dùn kónílé má relé, wọ́n ní. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ òfurufú bá mì, èmi náà á mì. Tíṣà wá pàdé mi. Ó gba àpótí, ó ní mo ti rù. Kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ tó jáde lẹ́nu mi lọ́nà.

Nígbà tí a dé Ẹgbẹ́dá, kò síná. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn ará ilé wá kí mi, wọ́n lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó dúró tì í, kò jókòó.

"Tíṣà, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ."

"Mo mọ̀ ọ́n," ó ní.

"Kí lẹ mọ̀?"

"Láti ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń ka oṣù rẹ, Ṣadé. Mo kàn kì í sọ ọ́ ni. Mo mọ̀ kí o tó di àpótí."

Inú bí mi. Ó ru sókè láti àtẹ́lẹsẹ̀, gbogbo ìbẹ̀rù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló di ìbínú. "Ẹ mọ̀? Ẹ wá gbé àpótí fún mi? Ẹ jẹ́ kí n lọ?"

"Tí mo bá ní má lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Èmi ni mo lanu sọ ti àkọ́kọ́, ó bàjẹ́. Mo rò pé tí mo bá tún lanu..." Ó ní òun ń dé kíláàsì, òun á kọ ìṣirò sójú pátákó, òun á gbàgbé ìdáhùn, àwọn ọmọ á máa wo òun. Ó ní òun kò lè bi ẹnikẹ́ni, kò sí fóònù, kò sí ẹni tí òun lè kọ̀wé sí. Nígbà náà ni ó wá wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti pápákọ̀ òfurufú, mo sì rí i pé ó ti ń wá ọ̀nà láti béèrè nǹkan kan láti ìgbà tó ti rí mi, tí ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

"Ṣé ó ṣì wà?"

Ìbínú mi tán síbẹ̀.

"Ó wà. Mo fi ojú mi rí ọkàn rẹ̀ tó ń mì. Oṣù kẹta ti kọjá."

Tíṣà jókòó sórí àpótí mi, ó gbé ojú lé ọwọ́ méjèèjì, ó sì sunkún sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó onílé fi kan ilẹ̀kùn bi wá pé kí ló ṣẹlẹ̀. A kò ṣílẹ̀kùn. Mo dúró ti Tíṣà, mo fi ọwọ́ lé e lórí títí ó fi rọlẹ̀.

"Ẹ dìde jàre," mo ní. "Ẹ lọ dáná. Ebi ń pa èmi àti ọmọ yín."